Íápíìsì olówó ńlá tí ohùn rẹ̀ kò pé mọ́: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Àtúnṣe fóònù àti ohun èlò ìró ni iṣẹ́ mi ní Kàbà. Láti ìgbà tí àwọn akọrin àti àwọn tó ń tẹ dùùrù nílé ìjọsìn ti ń ra íápíìsì olówó ńlá, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń gbé wá láti Ìyàrá, Mọ̀pà, Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú. Mo ti dáhùn títí ẹnu fi ń ro mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ lè kà á kí ẹ tó wọ mọ́tò, torí ó máa ń dùn mí bí ẹnì kan bá ti Ẹ̀gbẹ̀ náwó wá, tó sì jẹ́ pé rọ́bà etí lásán ni mo bá a yí.

Íápíìsì tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n kó sípíkà oríṣi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ilé kan ṣoṣo tó ń wọ etí. Ti pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà ní gáréèjì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀gbọ́n, owó ńlá ni mo fi rà á, síbẹ̀ kò ní báàsì rárá. Ṣé ayédèrú ni?

Rọ́bà ni. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà etí rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń rí àyè jáde láàrin rọ́bà àti ihò etí, báàsì ló máa kọ́kọ́ bá a lọ. Ihò etí ọ̀tún àti tòsì kì í sábà dọ́gba, nítorí náà kò sí ohun tó burú bí rọ́bà kan bá tóbi ju èkejì lọ. Bó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi ìka lọ́ ọ kó tín-ín-rín, ẹ tì í wọlé, kí ẹ dì í mú síbẹ̀ títí yóò fi wú kún ihò. Ẹ ṣe èyí kí ẹ tó pè mí.

Mo ń gbọ́ ìlù, mo ń gbọ́ gìtá, ṣùgbọ́n ohùn ẹni tó ń kọrin ti pòórá.

Ẹ ti ẹnu wáyà tó ń wọ fóònù wọlé dáadáa, kò tíì wọlé tán. Bí ojú irin tí etí méjèèjì jọ ń lò kò bá kan ibi tó yẹ kó kàn, ohun tó dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́, ohùn olórin ló sì sábà máa ń wà láàrin.

Etí kan kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ yọ wáyà lára ilé méjèèjì, ẹ fi ti ọ̀tún sí òsì, ẹ fi ti òsì sí ọ̀tún. Bí àrùn náà bá ṣí lọ sí apá kejì, wáyà ló ń ṣe é; ẹ ra wáyà. Bó bá dúró síbi tó wà, ilé sípíkà ni, ẹ máa kà lọ.

Ẹ̀yin tí wáyà yín ní abẹ́rẹ́ méjì, èyí tó jẹ́ 0.78 mm, ẹ wo àmì ara rẹ̀ kí ẹ tó kì í bọ̀ ọ́. Bí ẹ bá kọ apá kan sódì, sípíkà ọ̀tún á máa ti afẹ́fẹ́ síwájú nígbà tí ti òsì ń fà á sẹ́yìn, báàsì á gbẹ, orin á sì fọ́n káàkiri orí yín. Ẹ̀yin tí tiyín jẹ́ MMCX, èyí tó rí róbótó tó sì ń yí, ẹ má fi í ṣeré. Bí irin inú rẹ̀ bá ti jẹ, kò ní dì mú mọ́.

Bí mo bá ń tì í wọ etí, ó máa ń ró pàrà.

Afẹ́fẹ́ tó há ló ń tẹ awọ sípíkà báàsì. Ẹ fi ọwọ́ kejì fa etí sókè sẹ́yìn, kí ẹ tì í díẹ̀díẹ̀. Ihò bín-ín-tín kan sì wà lára ilé rẹ̀ tí sípíkà yìí fi ń mí. Mo ti rí ẹni tó fi sẹ́lótéèpù dí i nítorí eruku. Bí ihò yẹn bá dí, báàsì á yí padà, pàrà yẹn á sì le sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa tírélà lójú ọ̀nà Ọ̀bájànà, ẹ kó o sínú àpò rẹ̀ bí ẹ bá ti yọ ọ́ létí, kó má wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n jẹ́ kó máa kọrin fún igba wákàtí, pé ohùn rẹ̀ á là.

Ẹ padà sórí rọ́bà. Etí yín ló ń mọ́ ọn lára ní gbogbo wákàtí yẹn. Bí kò bá ní báàsì lónìí, tí rọ́bà sì bá ihò etí mu, kò ní ní in lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ tí ẹ lè dá ọjà padà á sì ti kọjá.

Kí ló tilẹ̀ wà nínú rẹ̀ tó fi le tó báyìí?

Sípíkà àkọ́kọ́ jọ ti rédíò: awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kọ́ìlì tó lẹ̀ mọ́ ọn, àti mágínẹ́ẹ̀tì. Òun ló ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀, òun ló ni báàsì. Èkejì ni wọ́n ń pè ní balanced armature. Àpótí irin kékeré ni, tí gígùn rẹ̀ kì í sábà ju 10 mm lọ. Nínú rẹ̀, ahọ́n irin pẹlẹbẹ kan wà láàrin mágínẹ́ẹ̀tì méjì, kọ́ìlì sì yí i ká. Bí iná orin bá gba inú kọ́ìlì kọjá, ahọ́n yìí á máa gbọ̀n sókè sódò, irin tín-ín-rín kan á sì fi ìgbọ̀n náà lé awọ kékeré kan lọ́wọ́. Inú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àwọn tí etí wọn wúwo ni armature ti wá. Kò lè ti afẹ́fẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tó o nídìí ohùn ènìyàn, agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó pa oríṣi méjèèjì pọ̀ fẹ́ jẹ ànfààní méjèèjì. Ní 2011, ilé iṣẹ́ AKG ti orílẹ̀-èdè Austria gbé K3003 jáde, sípíkà báàsì kan àti armature méjì nínú etí kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi ló ti tẹ̀ lé e. Kàpásítọ̀ àti rẹ̀sísítọ̀ ló ń pín orin fún wọn nínú, kí báàsì má bàa dé ọ̀dọ̀ armature tó wà fún ohùn òkè. Lẹ́yìn náà, páìpù tín-ín-rín ń gbé ohùn kálukú dé imú íápíìsì, ibi tí rọ́bà ń wọ̀. Nínú páìpù ti armature, wọ́n máa ń fi dámpà sí i, ìyẹn nẹ́ẹ̀tì kíkúnná tó ń pẹ̀rọ̀ sí ohùn tó bá fẹ́ gún etí. Ẹ fi dámpà yìí sọ́kàn.

Ẹni tó bá ń fi iye sípíkà nìkan polówó fún yín kò tíì sọ ohun kan. Bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ fún wọn ló jù.

Ó dùn lórí fóònù mi, ṣùgbọ́n bí mo bá kì í bọ míkísà ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn rẹ̀ yàtọ̀, ó sì ń hó ṣíì lábẹ́ orin.

Íápíìsì yín kò ní àrùn kankan. Armature máa ń gbọ́ iná tó kéré jọjọ, nítorí náà ariwo míkísà tí hẹ́dífóònù ńlá kò lè gbé jáde, òun á gbé e jáde.

Ti ohùn tó yí padà jìn díẹ̀. Ìdènà iná tó wà nínú armature kì í dúró sójú kan. Bí ohùn bá ṣe ń ga ni òun náà ń ga. Ihò hẹ́dífóònù ọ̀pọ̀ míkísà sì ní ìdènà tirẹ̀ tó pọ̀. Bí méjèèjì bá pàdé, ibi tí ìdènà íápíìsì ti kéré á pàdánù agbára, ibi tó ti ga á jàǹfààní, ohùn tí ẹni tó ṣe é fi sùúrù tò á sì dàrú. Òfin tí àwa oníṣẹ́ ń lò ni pé kí ìdènà ibi tí iná ti ń wá má ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ti íápíìsì lọ. Ohm ni wọ́n fi ń wọn ìdènà yìí: bí íápíìsì bá jẹ́ 16 ohm, kí ibẹ̀ má ju 2 ohm lọ. Ẹ ra áńpù kékeré tí wọ́n kọ ìdènà rẹ̀ sára páálí, tó sì kéré, kí ẹ fi sáàrin míkísà àti etí yín. Ó tán.

Ìkìlọ̀ kan: bí áńpù bá ní ihò 4.4 mm, ẹ má wá adápítọ̀ tí yóò sọ ọ́ di 3.5 mm, irú ihò ti fóònù. Ó lè so ohun tí kò yẹ kó pàdé pọ̀, kí áńpù sì jó.

Etí ọ̀tún máa ń dákú láàrin ìsìn, bí mo bá dé ilé á tún jí.

Èyí ló gba oorun lójú mi. Arábìnrin kan tó ń lé orin ní Mọ̀pà ló gbé e wá. Ó ní bí ìsìn bá bẹ̀rẹ̀, kò sí wàhálà, ṣùgbọ́n kí ìwàásù tó dé, apá ọ̀tún á ti wúwo, ọ̀rọ̀ inú orin kò ní yé e mọ́. Tó bá di àṣálẹ́, á tún dùn. Gbogbo ìgbà tó bá sì gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ara rẹ̀ le koko. Kò sí ohun tó ń dá oníṣẹ́ lágara bí àrùn tó ń sá fún un.

Mo pààrọ̀ wáyà, kò kúrò. Mo kọ wáyà sódìkejì, ó dúró lọ́tùn-ún. Mo wá rò ó pé bóyá ibi tí wọ́n jó léèdì sí ló ń là bó bá gbóná, ni mo bá gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò ṣe nǹkan kan. Ooru nìkan kọ́ nìyẹn. Ọyẹ́ dé, arábìnrin yìí ní òun kò rí i mọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó tún padà. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti fà sí omi.

Mo ní kó wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, kó fi í sétí kó máa kọrin bó ṣe ń kọ ọ́. Kò síná, fáànù kò yí, òógùn ń ṣàn lára gbogbo wa. Kò pẹ́ tó fi ní, "Ó ti dé." Mo gbà á, mo fi ohùn kan tó ń gun òkè láti 20 Hz, ìyẹn ìgbọ̀n ogún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sínú rẹ̀ lórí fóònù. Nísàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì dọ́gba, báàsì pé. Bó ṣe kọjá 2,000 Hz, ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ó ń rẹlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wáyà tó já kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ló máa ń gé lójijì tàbí kó máa ta pàtàpàtà. Èyí dà bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka bo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Sípíkà ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà rẹ̀ ló dí.

Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo imú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, mo fi gíláàsì ìfẹ̀ran sójú. Ihò mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì méjì dúdú, kò dán. Ìkẹta ń dán yinrin bí ohun tí wọ́n fi epo pa. Ìdọ̀tí etí tó ti yọ́ ló rá wọlé dé orí dámpà armature. Bó bá gbẹ, á fún, afẹ́fẹ́ á rí ojú kéékèèké kọjá. Bí òógùn àti ọ̀rinrin inú etí bá kàn án, á wú, ojú á dí. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀tún nìkan? Mo bi í léèrè: òsì ló máa ń yọ láti gbọ́ ìjọ, ọ̀tún kì í kúrò létí rẹ̀ títí ìsìn á fi parí.

Mo kọ́kọ́ fi í sínú agolo tó ní ìdérí pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun. Ilẹ̀ mọ́, ohùn padà. Ìtura ni, kì í ṣe ìwòsàn; ó tún dákú. Ìwòsàn rẹ̀ ni pé mo yọ nẹ́ẹ̀tì ìta, mo yọ dámpà, mo sì fi tuntun sí i. Àwọ̀ ara dámpà ló ń sọ bó ṣe ń dènà ohùn tó. Bí ẹ bá fi pupa sí ibi tí funfun wà, ohùn òkè á yí padà pátápátá. Mo sì pààrọ̀ ti òsì náà lọ́jọ́ kan náà, torí tuntun àti ogbó kì í dọ́gba.

Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, omi ni èémí yín. Ẹ má kán sípíríìtì sí imú rẹ̀, ṣe ló máa gbé ìdọ̀tí náà wọ inú lọ. Ẹ má rì í sínú ìrẹsì, eruku ìrẹsì á wọ ihò. Bí ẹ bá yọ ọ́ létí, ẹ dojú imú rẹ̀ kọlẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ tó gbẹ gbá a, kí ìdọ̀tí lè já bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, inú agolo yẹn ni kó sùn.

Oníṣẹ́ iná àdúgbò wa fi mítà wọ̀n ọ́n, ó ní gbogbo rẹ̀ pé.

Ohun tí mítà rí ni sípíkà báàsì. Kàpásítọ̀ ló sábà máa ń wà níwájú armature ohùn òkè, iná mítà kò sì lè gba inú kàpásítọ̀ kọjá. Armature lè ti kú, kí mítà ṣì máa sọ pé àlàáfíà ni. Etí àti ohùn tó ń gun òkè ni ẹ fi dán an wò.

Ó bọ́ lulẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, apá kan wá ń dùn gbààrà. Ṣé kí n ṣí i fúnra mi?

Ẹ jọ̀wọ́, rárá. Bó bá bọ́ lulẹ̀, ahọ́n irin inú armature lè tẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì kan, gbààrà yẹn sì nìyẹn. Kò sí ohun tí ọwọ́ lásán lè tún ṣe níbẹ̀. Armature irú kan náà ni a ó fi rọ́pò rẹ̀, a ó sì wọ̀n ọ́n pẹ̀lú apá kejì. Gúlúù ni wọ́n fi pa ilé náà dé, wáyà inú rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ, bí áyọ́ọ̀nù léèdì bá sì pẹ́ jù lára armature, ó ti bàjẹ́. Èyí tí ẹ bá ti fi ọ̀bẹ ṣí kí ẹ tó gbé e wá, n kì í gbà á mọ́.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú apá méjèèjì wá, kì í ṣe èyí tó ń ṣàìsàn nìkan. Ẹ mú wáyà rẹ̀, rọ́bà tí ẹ ń lò, àti fóònù tàbí áńpù tí ẹ fi ń gbọ́ ọ. Ẹ má nù ún kí ẹ tó dé, kí n lè rí imú rẹ̀ bó ṣe wà. Kí ẹ sì sọ fún mi bó ṣe máa ń pẹ́ tó létí kí àrùn náà tó yọjú.