Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí sukúrúù kan: ìrírí mi lórí fífọ eyín tí wọ́n gbìn

₦47,000 ni mo ti ná sórí oògùn kí ẹnikẹ́ni tó là á yé mi pé fífọ̀ ni eyín mi ń fẹ́. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà ni o. Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ọdún 2019 ni wọ́n gbin eyín méjì sí ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún fún mi ní Èkó, nígbà tí mo lọ wẹ ọmọ fún ọmọbìnrin mi. Ọkọ rẹ̀ ló sanwó, Ọlọ́run á bù kún un. Irin titanium, tí wọ́n ń pè ní implant, ni wọ́n rì sínú egungun àgbọ̀n, wọ́n wá fi sukúrúù de eyín funfun mọ́ ọn lórí. Mo fi jẹ iṣu, mo fi jẹ ẹran, mo sì gbàgbé pé wọ́n gbìn ín ni. Àfi bó ṣe di ọdún tó kọjá tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára búrọ́ọ̀ṣì mi láràárọ̀. Erìgì ibẹ̀ pọ́n, ó wú. Ẹnu mi ń rùn débi pé bí àwọn èèyàn bá kí mi ní "Okun o" ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ni mo fi ń bo ẹnu dá wọn lóhùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ amoxicillin àti Flagyl fún mi ní ilé ìwòsàn kan nítòsí wa. Bí mo bá lò ó, á rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, á tún padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹnì kan níbẹ̀ mú ìkọ́ irin, ó ní òun fẹ́ ha ìdọ̀tí ibẹ̀ kúrò. Ó ha á díẹ̀, ó dùn mí, mo ní kó fi í sílẹ̀. Ìgbà tí mo dé Ìlọrin ni mo tó mọ̀ pé irin líle máa ń fá titanium lára, ojú ibi tó fá yẹn ni ìdọ̀tí tuntun á sì tún rí dìmú.

Dókítà eyín tí mo bá ní Ìlọrin kéré sí àbígbẹ̀yìn mi, ṣùgbọ́n ó mọṣẹ́. Ó fi ọ̀pá ike tẹ́ẹ́rẹ́ wọn bí erìgì ṣe jìn tó, ó ya ẹ́ksíréè. Ó ní bó bá jẹ́ erìgì nìkan ló wú, tí egungun kò tíì jẹ, ó ṣeé wò sàn pátápátá. Bí egungun bá ti ń jẹ, ọ̀rọ̀ ti di iṣẹ́ abẹ nìyẹn nígbà mìíràn. Egungun tèmi ṣì pé. Mo dúpẹ́. Ó ṣàlàyé pé eyín tí Ọlọ́run dá mọ́ wa ní iṣan tó so ó mọ́ erìgì àti egungun, èyí tí wọ́n gbìn kò ní in, ìdí nìyẹn tí ìdọ̀tí fi ń tètè wọlé sí i lábẹ́. Oògùn ò lè ha ìdọ̀tí tó ti lẹ̀ mọ́ irin. Ṣé ọ̀rọ̀ tó ṣòroó sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí?

Mo rò pé a ó fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà ni. Rárá. Bí wọ́n ṣe ṣe eyín orí rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ jù, ohun èlò kò lè dé abẹ́, àfi kí wọ́n tú u. Ló bá bi mí pé, "Màmá, irú implant wo ni? Káàdì rẹ̀ ńkọ́?"

Káàdì wo? Kò sẹ́ni tó fún mi ní káàdì tí wọ́n kọ orúkọ implant sí. Ó ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n pọ̀, orí sukúrúù wọn ò sì dọ́gba. Bí òun bá ki sukudiráfà tí kì í ṣe tiẹ̀ bọ̀ ọ́, orí rẹ̀ á jẹ, gígé ni wọn yóò gé eyín náà kúrò. Ó wo ẹ́ksíréè títí, ó ní irú méjì ló jọ, òun ò ní dán an wò. Inú bí mi gan-an. Mo ti jí kúrò ní Kàbà láàárọ̀ kùtù, mo ti gba Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹ̀rù ọ̀nà lọ́kàn, ó wá di pé kí n padà sílé pẹ̀lú ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Lónìí, mo mọ̀ pé kíkọ̀ tó kọ̀ ló gba eyín mi là.

Ilé ìwòsàn ti Èkó ti kó kúrò níbi tí a mọ̀. Nọ́ńbà wọn kò lọ. Ọmọbìnrin mi wá wọn kiri títí ó fi rí wọn, wọ́n ní fáìlì mi wà nínú sítọ́ọ̀, kó padà wá lọ́jọ́ Ajé. Ó lọ lọ́jọ́ Ajé, wọ́n ní ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kò wá. Nígbà tó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní kó san ₦10,000 kí wọ́n tó wá a. Owó kí ni? Ara mi ni irin náà wà! Ó san án nítorí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí fọ́tò ìwé pélébé kan tó wọlé sórí WhatsApp mi: orúkọ implant àti ìwọ̀n rẹ̀. Kò ju ìlà méjì lọ.

Fífọ̀ fúnra rẹ̀ kò tó wákàtí kan. Wọ́n tú eyín náà, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ ike fọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn àti omi tí wọ́n po mọ́ ìyẹ̀fun kan tí wọ́n ń pè ní glycine sí i, wọ́n dè é padà. Dókítà fi ohun tó yọ hàn mí, ó yí dúdú, ó le bí òkúta. Wọ́n fún mi ní omi oògùn chlorhexidine láti fi ṣan ẹnu fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, torí ó máa ń sọ eyín di pupa rúsúrúsú bí èèyàn bá lò ó pẹ́, ó sì sọ ọbẹ̀ di aláìládùn lẹ́nu mi lóòótọ́.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ẹ̀jẹ̀ dá. Nígbà tí mo padà lọ lóṣù kẹta lẹ́yìn fífọ̀ náà, dókítà wọn ún yípo, kán ẹ̀jẹ̀ kan ò yọ, ó ní èmi ni mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí wọ́n ń kì bọ àárín eyín ni mò ń lò lálaalẹ́, èyí tí wọ́n fi ike bo wáyà rẹ̀. Ẹ má ra èyí tí wáyà rẹ̀ wà níta.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbin eyín fún yín, ẹ gba káàdì rẹ̀ kí ẹ tó san owó tó kù. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi fọ̀ ọ́ kí ẹ tó ya ẹnu. Mo ti tẹ fọ́tò tèmi jáde, mo fi ọ̀rá bò ó, àárín ìwé ilẹ̀ ni mo tọ́jú rẹ̀ sí, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo tún ń lọ Ìlọrin.