Omi nínú differential Land Cruiser àtijọ́
Bí jíìpù yín bá la omi tó kan àárín táyà kọjá, ẹ yẹ ọ́ìlì differential (àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti òsì) iwájú àti ẹ̀yìn wò. Nọ́ọ̀tì òkè, níbi tí à ń rọ ọ́ìlì sí, ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣì í ṣe: bí ti òkè bá kọ̀ láti tú lẹ́yìn tí ẹ ti tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, tí ọ́ìlì sì ti dànù tán, ọkọ̀ kò ní lè kúrò níbẹ̀.

Ọ́ìlì tó funfun bí ẹ̀kọ mímu ti gba omi. Ẹ dà á nù, kí ẹ rọ ọ́ìlì jíà 80W-90 GL-5 lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, títí yóò fi máa kán lẹ́nu ihò òkè.

Ẹ wá fọ ihò ìmí (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé jáde) tó wà lórí axle, irin tó gbé táyà méjèèjì. Bó bá dí, axle gbígbóná tó wọnú omi tútù yóò fa omi wọlé gba ojú síìlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú.