Bí ẹ ṣe lè sáré nínú igbó páìnì àti lórí òkè, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ méjèèjì padà wọ̀lú

Kì í ṣe orí òkè ni mo ti ṣubú o. Mo ti gùn ún, mo ti sọ̀ kalẹ̀, mo ti fo gbòǹgbò bí ẹni ń fo okùn, kò sí nǹkan tó ṣe mí, àfìgbà tí mo padà dé ẹnu odi ìlú, níbi tí òkúta tí wọ́n tò sójú ọ̀nà láyé àtijọ́ ti ń dán bíi díńgí, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, èmi náà wá ń wo aago ọwọ́ kí n lè mọ iye ìṣẹ́jú tí mo lò, gbàà! ìdí nílẹ̀. Àwọn tó ń ya fọ́tò odi ìlú ní láti wá gbé mi dìde. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń sọ fẹ́ni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ trail running, ìyẹn eré sísá lójú ọ̀nà igbó àti òkè, nítòsí àwọn ìlú àtijọ́ pé ilẹ̀ mẹ́ta lẹ máa sá lé lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ilẹ̀ igbó, ilẹ̀ òkè, ilẹ̀ ìlú, kálukú wọn ló sì ní bó ṣe ń gbé èèyàn ṣubú.

Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ gbàgbé iye ìṣẹ́jú tẹ́ ẹ fi ń sá kìlómítà kan lójú títì, kò wúlò níbí. ITRA, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń bójú tó eré yìí, ní ìṣirò kan tó rọrùn: ẹ ka kìlómítà ọ̀nà náà, kẹ́ ẹ wá fi kìlómítà kan kún un fún gbogbo mítà 100 tẹ́ ẹ máa gùn. Ọ̀nà kìlómítà 12 tó ní òkè mítà 400 nínú, 16 ni kẹ́ ẹ kà á sí. Ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn tún yàtọ̀, William Naismith, ará Scotland kan tó máa ń gun òkè, ló gbé e jáde lọ́dún 1892: wákàtí kan fún bíi kìlómítà 5, kẹ́ ẹ fi wákàtí kan kún un fún bíi mítà 600 tẹ́ ẹ bá gùn. Èmi máa ń ṣe méjèèjì pọ̀, torí tẹ́sẹ̀ bá lọ rọ́ lọ́nà, ti Naismith ni màá fi dé ilé, ilẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ṣú mọ́ mi lórí.

Ó yá, igbó. Igbó páìnì máa ń tan èèyàn jẹ torí pé ó dùn ún sá. Ewé ẹ̀ tó rí bí abẹ́rẹ́ kì í tètè jẹrà, ṣe ló máa ń kóra jọ sílẹ̀ títí táá fi dà bíi tìmùtìmù lábẹ́ ẹsẹ̀, orúnkún á kọ́kọ́ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ abẹ́ tìmùtìmù yẹn ni gbòǹgbò àti òkúta sá pa mọ́ sí, ewé náà fúnra ẹ̀ tó bá gbẹ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ á máa yọ̀ bí ẹni tẹ ìlẹ̀kẹ̀ tó dà sílẹ̀, tí òjò bá sì ti pa gbòǹgbò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá, pàápàá èyí tó dábùú ọ̀nà. Ẹ fò ó, tàbí kẹ́ ẹ tẹ iwájú ẹ̀. Èso páìnì náà ńkọ́, kóró líle yẹn? Ẹ tẹ ọ̀kan láìmọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ti yí nìyẹn.

Ohun tó ń gbà yín lọ́wọ́ gbogbo eléyìí ò ju ìṣísẹ̀ kúkúrú lọ. Ẹ má na ẹsẹ̀ jìnnà síwájú. Ẹsẹ̀ kúkúrú tó ń yára, tó ń balẹ̀ sábẹ́ ara yín gan-an, ìyẹn ló ń jẹ́ kéèyàn lè tún èrò ẹ̀ pa tí ilẹ̀ bá yí padà lójijì. Kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe ń gbé e lójú títì lọ, torí tó bá ti ń rẹ̀ yín, ẹ ò ní gbé e mọ́, ibẹ̀ ni gbòǹgbò ti ń mú èèyàn. Ojú ńkọ́? Ẹ má wo ẹnu bàtà yín. Ẹ wo iwájú, bí ìṣísẹ̀ mẹ́rin márùn-ún, ẹsẹ̀ á rántí ohun tójú ti rí.

Wàhálà kejì inú igbó yìí ni pé gbogbo ibẹ̀ jọra. Níbi tí páìnì bá ti pọ̀ tó sì ṣíji bo ilẹ̀, igi kéékèèké kì í fi bẹ́ẹ̀ hù lábẹ́ ẹ̀, torí náà ibi gbogbo ló dà bí ọ̀nà, ẹ lè kúrò lójú ọ̀nà gidi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ má mọ̀. Ẹ mọ àmì tí wọ́n ń lò níbi tẹ́ ẹ bá lọ. Lójú ọ̀nà gígùn tí wọ́n ń pè ní GR ní Faransé àti Spéìnì, ọ̀dà funfun àti pupa ni wọ́n fà nílà méjì, funfun lókè, pupa nísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá rí méjèèjì tí wọ́n fi dábùú ara wọn, ẹ yí padà, ọ̀nà kọ́ nìyẹn. Ọ̀dà mìíràn tún wà lára igi tí kì í ṣe tiyín o! Àwọn òṣìṣẹ́ igbó máa ń fi ọ̀dà sàmì sára igi tí wọ́n fẹ́ gé. Mo ti rí ẹni tó tẹ̀ lé irú àmì bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé ìdí ẹ̀rọ tó ń gé gẹdú (ẹni yẹn jọ mí díẹ̀). Ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ yẹn ń là kì í sí lórí máàpù, ẹ dẹ̀ má lọ fo okùn tí wọ́n bá nà dí ọ̀nà, igi tó ń ṣubú ò lè yà fún yín. Ẹ wa máàpù sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lè má sí, lábẹ́ igi tó ṣú aago GPS náà a máa ṣe ségesège.

Lórí òkè, ẹ rìn. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín, àwọn tó ń gbégbá orókè nínú eré yìí náà ń rìn tí òkè bá ti ga jù, wọ́n á fi ọwọ́ ti itan wọn, wọ́n á máa lọ, torí níbi tó bá ti ga gan-an, ìrìn máa ń gba agbára díẹ̀ ju sísáré lọ. Èmi máa ń lo ẹnu mi wọn ọ́n: tí mi ò bá ti lè sọ gbólóhùn kan parí láì mí hẹlẹhẹlẹ, mo ti ń rìn nìyẹn.

Ìsọ̀kalẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, iṣan itan ń nà lọ bẹ́ẹ̀ ló tún ń fún ara ẹ̀ pọ̀ láti dá yín dúró, ìyẹn ló ń ya á wẹ́wẹ́, òun ló fà á tí ìrora kì í fi í dé lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló máa ń le jù. Ẹni tó bá fara sẹ́yìn tó sì ń fi gìgísẹ̀ ṣe bíréèkì máa yọ̀, á sì tún jẹ itan níyà. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ orúnkún, kẹ́ ẹ ya apá sílẹ̀ bí ẹyẹ tó fẹ́ bà, kò sẹ́ni tó ń wò yín. Ìsọ̀kalẹ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ kan máa ń dáàbò bo iṣan fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lẹ́yìn ẹ̀, nítorí náà ẹ wá òkè kékeré kẹ́ ẹ máa fi ṣeré kẹ́ ẹ tó lọ bá ńlá.

Ẹrù ò pọ̀. Bàtà tó ní eyín nísàlẹ̀, bíi mílímítà 4 sí 5 tó fún igbó tó gbẹ, ẹrẹ̀ ló ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi, nǹkan oníṣúgà díẹ̀ tẹ́ ẹ bá máa ju wákàtí kan lọ, aṣọ tí afẹ́fẹ́ ò lè gba inú ẹ̀, tọ́ọ̀ṣì orí, fèrè. Fèrè ṣe pàtàkì gan-an: ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún fọn ọ́n, àmì pé ẹ ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á fi dá yín lóhùn. Gbogbo orílẹ̀-èdè European Union lẹ ti lè pe 112. Kẹ́ ẹ sọ fún ẹnì kan ibi tẹ́ ẹ gbà àti ìgbà tẹ́ ẹ máa dé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, oje páìnì àti ewé gbígbẹ máa ń gbaná wàrà, ní gúúsù Faransé wọ́n máa ń ti àwọn igbó kan pa lọ́jọ́ tí ewu iná bá pọ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó lọ. Lápá ìparí òtútù sí ìgbà ìrúwé, kòkòrò onírun kan máa ń bọ́ láti orí páìnì káàkiri gúúsù Yúróòpù, wọ́n á tò tẹ̀ lé ara wọn bí ọmọ iléèwé, ó wu èèyàn án wò àmọ́ irun ara wọn máa ń yún ara, ó tún burú fójú, ajá tó bá fẹnu kàn án wà nínú ewu ńlá.

Ó ku ìlú. Ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́, torí ogun ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dó sórí òkè tàbí orí àpáta, ẹ wo Segovia ní Spéìnì, tó wà lórí àpáta gogoro, tí igbó páìnì Valsaín ò sì jìnnà sí i. Ìyẹn ni pé ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ fi ìsọ̀kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ sì fi òkè parí, lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ ti kú tán. Ẹ fi agbára díẹ̀ pa mọ́. Òkúta ojú ọ̀nà ńkọ́, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ti họ ọ́ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, eyín bàtà tó di ilẹ̀ igbó mú dáadáa kò rí nǹkan dì mú lórí ẹ̀, ọ̀nà tún há, ọmọdé lè yọ lójijì ní kọ̀rọ̀. Èmi máa ń pa aago mi lẹ́nu odi, màá wá rìn wọlé jẹ́jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá délé, kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìbàdí àti ẹ̀yìn etí bóyá eégbọn ti so mọ́ ara, torí àwọn kan lára wọn ń gbé àrùn Lyme, tí kòkòrò àìfojúrí ń fà. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi twísà (irin kékeré tí wọ́n fi ń fa irun) tẹ́nu ẹ̀ mú di orí ẹ̀ mú nídìí awọ ara, kẹ́ ẹ fà á sókè tààrà, ẹ má fi iná jó o, ẹ má fi epo pa á. Lọ́jọ́ kejì tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn lẹ fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, itan ni, ẹ má pe dókítà.