Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Àjọṣe Ọlọ́pàá Ìbílẹ̀ àti ICE Kù ní Amẹ́ríkà

ICE ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú àwọn àjèjì tí ìwé ìgbélùú wọn kò pé, tó sì ń lé wọn kúrò ní Amẹ́ríkà. Kí ẹ tó kọ ẹyọ gbólóhùn kan sílẹ̀ nínú òfin tí ẹ fẹ́ kí ìlú yín ṣe láti dín àjọṣe ọlọ́pàá ìbílẹ̀ pẹ̀lú wọn kù, ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ yín. Oregon ti ń dín irú àjọṣe yìí kù láti 1987. California àti Illinois ṣe tiwọn ní 2017. Ṣùgbọ́n Texas, lọ́dún 2017 yẹn kan náà, àti Florida ní 2019, ṣòfin tí kò jẹ́ kí ìlú kankan dá a ṣe. Bí ẹ bá ń gbé níbẹ̀, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ ni kí ẹ kọjú sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àtìmọ́lé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, ṣẹ́rífù, ìyẹn olórí ọlọ́pàá kaǹtì (ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀) tí aráàlú dìbò yàn, ló ń darí àtìmọ́lé kaǹtì, òfin ìlú kò sì dè é. Àwọn tó gbàgbé èyí máa ń yọ̀ sí òfin tuntun, tí ICE á sì máa kó èèyàn lọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ kọ̀wé béèrè ìwé mẹ́ta lọ́wọ́ kaǹtì: àdéhùn 287(g) bó bá wà, iye ìwé I-247A (ìwé tí ICE fi ń ní kí wọ́n má tíì tú ẹnì kan sílẹ̀) tó wọlé lọ́dún tó kọjá, àti àdéhùn tí wọ́n fi ń gba owó láti tọ́jú ẹlẹ́wọ̀n ICE. 287(g) ló ń fún ọlọ́pàá ìbílẹ̀ lágbára òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n. Lẹ́tà lásán ni kaǹtì lè fi fòpin sí i.

I-247A ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ó ń sọ pé kí àtìmọ́lé fi tó wákàtí 48 kún àkókò ẹni tó yẹ kó ti máa lọ sílé. Ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe àṣẹ: ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ ní Philadelphia sọ bẹ́ẹ̀ ní 2014. Lọ́dún yẹn náà, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Oregon dá kaǹtì Clackamas lẹ́bi pé ìwé yìí nìkan ni wọ́n fi ti obìnrin kan mọ́lé. Ẹ fi ìdájọ́ yẹn han lọ́yà kaǹtì. Owó gbà-má-bínú máa ń ká wọn lára ju ọ̀rọ̀ àánú lọ.

ICE sábà máa ń so I-200 (ìwé àṣẹ ìmúni tiwọn) tàbí I-205 (ìwé àṣẹ ìlékúrò nílùú) mọ́ ọn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: òṣìṣẹ́ ìmígíréṣọ̀n ló fọwọ́ sí i, kì í ṣe adájọ́. Bí òfin yín bá kàn ní “ìwé àṣẹ”, I-200 á gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹ kọ “ìwé àṣẹ tí adájọ́ ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí”, kí ẹ sì yọ adájọ́ ìmígíréṣọ̀n kúrò, torí òṣìṣẹ́ abẹ́ ààrẹ lòun.

I-247A tún ń béèrè pé kí wọ́n sọ àkókò ìdásílẹ̀ ẹni náà fún ICE. Àtìmọ́lé tó kọ̀ láti di èèyàn mú, tó sì ń tẹ ICE láago, kò ṣe nǹkan kan. Ẹnu géètì ni wọ́n á ti mú ẹni náà. Ẹ fòfin de ìpè yẹn. Kí ICE má sì fọ̀rọ̀ wá ẹnikẹ́ni lẹ́nu nínú àtìmọ́lé àfi bó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà, ní èdè tó gbọ́.

Ẹ má kọ ọ́ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ sọ ipò ìwé ìgbélùú èèyàn fún ICE: òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ 8 U.S.C. 1373 ta ko ìyẹn. Àmọ́ kò sí ibi tó ti ní kí ọlọ́pàá béèrè, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n má béèrè rárá. Obìnrin tó ń bẹ̀rù ìbéèrè yẹn kò ní pe ọlọ́pàá bí ọkọ rẹ̀ bá ń lù ú. Ẹ má sì kọ ọ́ pé kí ọlọ́pàá dí ICE lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n fi ẹnikẹ́ni pamọ́. Àìkópa ni ẹ̀tọ́ yín: nínú ẹjọ́ Printz ní 1997, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé ìjọba àpapọ̀ kò lè fipá mú òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tàbí ti ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ fún òun.

Ìtẹ̀ka ni ìlú kò lè dá dúró. Èyí tí wọ́n bá gbà ní àgọ́ ń lọ sọ́dọ̀ FBI, láti ibẹ̀ sí àjọ tó ni ICE. Kí wọ́n yáa dín ìmúni kù: awakọ̀ tí kò ní láísẹ́ǹsì, kí wọ́n já tíkẹ́ẹ̀tì fún un lójú títì, kí wọ́n má gbé e lọ sí àgọ́.

Ẹ béèrè àwọn tó ń rí ohun tí kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ ń kó jọ, kí ẹ sì ní kí wọ́n ti ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún ICE. Lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, kí ọlọ́pàá àti ṣẹ́rífù gbé iye ìbéèrè ICE, iye tí wọ́n gbà àti ìdí rẹ̀ síta ní gbangba.