Bí Ẹ Ṣe Lè Wọ Versailles Bí Àlejò Ọba

Ìyá ọkọ mi ló jẹ́ kí n mọ bí wọ́n ṣe ń wo Versailles, ààfin àwọn ọba Faransé àtijọ́ tó wà nítòsí Paris. Kí wọ́n tó wá bá wa lálejò ní Paris, mo ti débẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, fóònù lọ́wọ́, fọ́tò ni mò ń yà káàkiri. Màmá dé yàrá kejì, wọ́n dúró, wọ́n ní, "Tí àlejò bá dé, ibo lọba ń jókòó sí?" Mi ò mọ̀. Mo lọ kà nípa rẹ̀, àtìgbà náà ló sì jẹ́ pé ìbéèrè Màmá ni mo fi ń mú èèyàn rìn níbẹ̀.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọn kì í ṣí i. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì mú aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn, èrò ò tíì pọ̀ nígbà yẹn. Tí ẹ bá gbọ́ pé ọba tàbí ààrẹ ilẹ̀ òkèèrè kan ń bọ̀ ní Faransé, ẹ yẹ ìkànnì ààfin wò, torí wọ́n lè tìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa nítorí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin RER C ni kí ẹ wọ̀, èyí tó ń lọ sí ibùdókọ̀ Versailles Château Rive Gauche. Ẹ ka orúkọ yẹn tán pátá. Èmi tí mò ń ṣe bí ọmọ Paris, ibùdókọ̀ mìíràn, Versailles Chantiers, ni mo gbé Màmá lọ, a sì fẹsẹ̀ rìn títí wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Tí ẹ bá wọlé, ẹ máa gba àwọn yàrá ńlá tí wọ́n fi orúkọ òrìṣà àwọn ará Róòmù pè kọjá: Venus, Diana, Mars, Mercury, Apollo. Apollo ni òrìṣà oòrùn, Ọba Louis kẹrìnlá sì fi ara rẹ̀ wé oòrùn, nítorí náà yàrá yẹn ni ìtẹ́ máa ń wà. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ kí àlejò mọ ẹni tó wá kí, yóò ní kí wọ́n gbé ìtẹ́ fàdákà lọ sí Gbọ̀ngàn Dígí.

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Ẹ dúró ní Yàrá Ogun, ẹ má tíì wọ gbọ̀ngàn náà. Ẹ wo ọ̀ọ́kán. Mítà 73 ló gùn, fèrèsé 17 wà lápá kan, dígí 357 ń dá ìmọ́lẹ̀ wọn padà lápá kejì. Ní ìkángun lọ́hùn-ún, lẹ́nu Yàrá Àlàáfíà, ni Louis jókòó sí ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 1685. Ọdún tó ṣáájú ni ọkọ̀ ogun rẹ̀ ti yin bọ́ǹbù lu Genoa, ìlú kan ní Ítálì. Òfin Genoa ni pé olórí wọn, tí wọ́n ń pè ní doge, kò gbọdọ̀ jáde nílùú níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà lórí oyè. Louis ní doge alára ni kó wá tọrọ àforíjì. Ó sì wá, nínú aṣọ félífétì pupa. Wọ́n bi í pé kí ló yà á lẹ́nu jù ní Versailles. Ó ní, "Pé èmi náà wà níbí."

Ẹ wá rìn ín báyìí. Ẹ má wo òkè, ẹ má wo dígí, ẹ máa ka ìṣísẹ̀ yín. Ti Màmá lé ní àádọ́fà. Kí ẹ tó sún mọ́ ibi tí ẹ ti lè rí ojú ẹni tó jókòó dáadáa, òun ti wo ìrìn yín, ìmúra yín àti òógùn iwájú orí yín tán. Iṣẹ́ tí gbọ̀ngàn yẹn ń ṣe nìyẹn. Àwọn ikọ̀ ọba Siam, ìyẹn Thailand òde òní, tí wọ́n wá ní 1686 kò kọ ẹ̀yìn sí Louis nígbà tí wọ́n ń lọ, ẹ̀yìn ni wọ́n fi rìn jáde. Màmá ní àwọn yẹn gbẹ̀kọ́ ilé.

Ẹ má wá ìtẹ́ náà o. Ní 1689, ogun gbówó lọ́wọ́ Louis, ó sì ní kí wọ́n yọ́ àwọn ohun èlò fàdákà ààfin. Nígbà tí Macron, ààrẹ Faransé, gba Ọba Charles kẹta lálejò níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2023, tábìlì gígùn ni wọ́n tẹ́ sáàárín gbọ̀ngàn, àwọn àlejò ń jẹun.

Tí agbára bá kù, ẹ lọ sí Grand Trianon, ààfin kékeré tó wà nínú ọgbà Versailles, aago méjìlá ọ̀sán ni wọ́n ń ṣí i. Ibẹ̀ ni Ọbabìnrin Elizabeth kejì sùn sí ní 1972. Ẹ mú omi dání, ọ̀nà rẹ̀ jìn láti ààfin. Èmi àti Màmá ò débẹ̀. Ẹ̀bá odò Grand Canal ni wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n lọ sọ fún ọba pé àwọn ti rìn tó, tó bá fẹ́ rí àwọn, kó máa bọ̀.