Wọ́n Lé Yín Níṣẹ́ Ìjọba Nítorí Pé Ẹ Sọ̀rọ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé E Dé Ilé Ẹjọ́ n'Ìbàdàn

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sábà máa ń fún èèyàn ní lẹ́tà ìléníṣẹ́. Mo pẹ́ nídìí fáìlì ní ọ́fíìsì ìjọba kan n'Ìbàdàn, ojú mi rí i dáadáa. Aago mẹ́ta á ti kọjá, àwọn tó ń lọ sí Mọ́níyà á ti máa palẹ̀ mọ́, ni mẹ́sẹ́ńjà á bá gbé ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí dé. Ẹni tó gba lẹ́tà náà á kà á lẹ́ẹ̀mejì, á jókòó, á wá sọ ohun tí gbogbo wọn ń sọ: "Nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí yẹn náà ni."

Ó lè jẹ́ òótọ́ pọ́nbélé. Ṣùgbọ́n adájọ́ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́sí. Inú ni ìkórìíra ọ̀gá ń gbé, kò sẹ́ni tó lè yọ ọ́ jáde sórí tábìlì kóòtù. Ohun tó ń jà fún òṣìṣẹ́ ní irú ẹjọ́ báyìí ni ọjọ́ tó wà lórí ìwé, àti ìgbésẹ̀ tí òfin ní kí wọ́n gbé tí wọ́n fò dá. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí, orí nǹkan méjì yẹn ló dúró lé.

Ní ọjọ́ tí lẹ́tà bá dé

Ẹ gbà á. Àwọn kan máa ń kọ̀ ọ́ bí ẹni pé bí àwọn ò bá fọwọ́ kàn án, kò tíì ṣẹlẹ̀. Kò wúlò. Ẹ fọwọ́ sí ìwé mẹ́sẹ́ńjà, kí ẹ sì kọ ọjọ́ àti aago sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín. Ẹ má ju àpòòwé rẹ̀ nù. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kó kọ́kọ́rọ́, káàdì ìdánimọ̀ tàbí kọ̀ǹpútà sílẹ̀, ẹ kó o sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i. Ìwé kan ṣoṣo tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lọ́jọ́ náà ni èyí tó bá sọ pé ẹ ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ yín, pé ẹ ò ní ohunkóhun láti bèèrè mọ́. Kí lọ́yà kọ́kọ́ rí i. Owó kóbọ̀ tí wọ́n bá sáré san sí àkáǹtì yín náà, ẹ sọ fún un kí ẹ tó ná an, nítorí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba máa ń sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ẹni tó gba owó ti gbà pé iṣẹ́ ti parí.

Ẹ má sì lọ bú ọ̀gá lórí WhatsApp. Mo mọ̀ pé ó ń dun yín. Ẹ ṣe sùúrù.

Irú iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?

Ẹ yẹ lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín wò, àti èyí tí wọ́n fi fìdí yín múlẹ̀ lẹ́yìn ọdún àyẹ̀wò. Bó bá jẹ́ pé òfin ló gbé iṣẹ́ yín kalẹ̀, tí òfin ọ̀hún sì sọ ọ̀nà tí wọ́n lè gbà gbà á lọ́wọ́ yín, ọ̀nà yẹn nìkan ni wọ́n lè tọ̀. Bí wọ́n bá gba ẹ̀yìnkùlé, ilé ẹjọ́ lè sọ pé lójú òfin wọn ò tíì lé yín rárá, kó dá yín padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo owó oṣù tó ti kọjá. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi èyí lélẹ̀ ní 1981 nínú ẹjọ́ Shitta-Bey, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ní kó fẹ̀yìn tì ní tipátipá. Ní 1985, ó tún sọ bẹ́ẹ̀ fún Olaniyan àtàwọn olùkọ́ míì tí Yunifásítì Èkó lé.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iṣẹ́ àdéhùn ọlọ́dún kan tàbí èyí tí wọ́n fi ń dí àlàfo ni, ohun tí ẹ máa rí gbà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, owó oṣù tó yẹ kí wọ́n fi ṣe ìkìlọ̀ fún yín ni. Ó dára kí ẹ mọ èyí kí ẹ tó ta mọ́tò nítorí ẹjọ́.

Ibì kan wà tí àwọn èèyàn kì í wò: orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ọba ní ìpínlẹ̀ ni òfin ilẹ̀ wa fún láṣẹ láti lé òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Àwọn olùkọ́ girama wà lábẹ́ TESCOM, àjọ tó ń gba olùkọ́ sí iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ 11 tó wà n'Ìbàdàn náà sì ní àjọ tiwọn. Yunifásítì Ìbàdàn àti UCH, ilé ìwòsàn ńlá rẹ̀, ti ìjọba àpapọ̀ ni, òfin tó dá wọn sílẹ̀ lẹ máa lọ kà. Bó bá jẹ́ dáríẹ́tọ̀ kan ní Agodi, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ló jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ tó lé yín, tí kò sẹ́ni tó gbé àṣẹ yẹn lé e lọ́wọ́, ẹjọ́ yín ti ní ẹsẹ̀ tó fi dúró kí a tó mẹ́nu kan ìgbẹ̀san rárá.

Ìwé ọjọ́

Ẹ ra ìwé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹ kọ ọjọ́ sápá òsì, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àárín, ìwé tó jẹ́rìí sí i sápá ọ̀tún. Ibi tí kò bá sí ìwé, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀.

Obìnrin kan tí a jọ ṣiṣẹ́ kọ mẹ́mò sí ọ̀gá pé dísù tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ pé wọ́n dà sí jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ kan ju èyí tí táǹkì rẹ̀ lè gbà lọ. Ẹ̀dà méjì ló mú wá bá mi. Mo lu òǹtẹ̀ sí méjèèjì, mo fi ọ̀kan sínú fáìlì, ó mú ìkejì lọ sílé. Bí ìwé ọjọ́ rẹ̀ ṣe rí nìyí: 3 oṣù kẹta, mẹ́mò dísù. 12 oṣù kẹta, wọ́n ní kó máa lọ sí Ìgbẹ́tì. 4 oṣù kẹrin, kúérì, ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n fi ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀, pé ó pẹ́ dé. 19 oṣù kẹrin, wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé. 30 oṣù karùn-ún, lẹ́tà ìléníṣẹ́. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ọdún 11 ló ti lò tí kúérì kankan ò kàn án, fọ́ọ̀mù APER rẹ̀, tí wọ́n fi ń díwọ̀n iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, sì mọ́ tónítóní.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, a ṣí fáìlì. Gbogbo ìwé inú fáìlì ìjọba ló ní nọ́ńbà lókè. Lẹ́yìn 41, 43 ló kàn. Mẹ́mò dísù ti rìn lọ. Èyí tó wà nílé rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú òǹtẹ̀ mi lórí rẹ̀. Òun ni lọ́yà rẹ̀ kọ́kọ́ fi ṣọwọ́ sí wọn, wọ́n sì yanjú ọ̀rọ̀ náà ní ìtùbí-ìnùbí kó tó dé iwájú adájọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí iṣẹ́ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀dà méjì ni o. Kò sí mẹ́mò tó kéré jù fún òǹtẹ̀.

Bí ìwé bá wà lọ́wọ́ ìjọba tí ẹ ò ní in, bí àbọ̀ ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹ̀sùn yín, ẹ kọ lẹ́tà bèèrè fún un lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ọjọ́ 7 ni wọ́n ní láti fèsì. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ máa ń sọ pé òfin yẹn ò kan àwọn, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin 2025 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó kàn wọ́n. Ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n fọwọ́ ọba sí pé òótọ́ ni. Àwọn ọ̀rọ̀ orí fóònù náà ṣeé lò: ẹ má pa wọ́n rẹ́, ẹ má gé wọn kúrú, kí lọ́yà bá yín ṣe ìwé ẹ̀rí tí òfin ẹ̀rí bèèrè fún ohun tó jáde látinú ẹ̀rọ.

Bó bá jẹ́ ojúsàájú ni

Ìgbẹ̀san yàtọ̀ sí ojúsàájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sábà ń rìn pọ̀. Abala 42 nínú òfin ilẹ̀ wa ka àwọn ohun tí ìjọba ò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ fi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà: àdúgbò tàbí ẹ̀yà tó ti wá, ibi tó ti ṣẹ̀ wá, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ẹ̀sìn rẹ̀, àti èrò rẹ̀ nípa òṣèlú. Ẹ yan èyí tó bá tiyín mu kí ẹ dúró lórí rẹ̀. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, adájọ́ á rò pé kò mọ èyí tó ń ṣe òun.

Àwọn ẹlòmíì tí a lè fi yín wé ló ń gbé irú ẹjọ́ yìí dìde. Èèyàn mẹ́ta pẹ́ dé lọ́jọ́ kan náà, ìwé ìfọwọ́síwọlé sì fi hàn. Kí ló dé tó jẹ́ ẹni tó wá láti Òkè-Ògùn nìkan ni kúérì kàn? Aboyún mélòó ni wọ́n gbà láyè, èwo ni wọ́n lé? Ní 2021, àwọn ọlọ́pàá lé obìnrin kan l'Ékìtì nítorí pé ó lóyún láìlọ́kọ. Nígbà tó dé ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ l'Ákùrẹ́, adájọ́ sọ pé òfin tí wọ́n fi lé e jẹ́ ojúsàájú sí obìnrin, nítorí kò sí irú rẹ̀ fún ọlọ́pàá ọkùnrin tó bá fún obìnrin lóyún. Ìfiwéra lásán ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ìgbẹ́jọ́ inú ọ́fíìsì

Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin wa náà sọ bẹ́ẹ̀ ní abala 36. Ẹ bi ara yín: ṣé wọ́n kọ ẹ̀sùn náà sílẹ̀ fún mi? Ṣé àsìkò tí wọ́n fún mi láti fèsì tó? Ṣé mo rí ìwé tí wọ́n fẹ́ lò lòdì sí mi? Ṣé wọ́n jẹ́ kí n bi àwọn ẹlẹ́rìí wọn léèrè ọ̀rọ̀? Ṣé ẹni tó kọ kúérì náà ló tún jókòó sínú ìgbìmọ̀? Ẹ kọ ìdáhùn yín sínú ìwé ọjọ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó gbọ́n nínú ohun gbogbo ló ti kọsẹ̀ síbí, nítorí ìkánjú.

Ẹ kọ̀wé sí àjọ tó lé yín pé kí wọ́n tún un gbé yẹ̀ wò. Ẹ sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín. Àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn aráàlú (Public Complaints Commission) ní ọ́fíìsì ní gbogbo ìpínlẹ̀, wọn kì í gba owó, ṣùgbọ́n wọn ò ní fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ tó bá ti wà ní kóòtù. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ yín lásìkò, torí ọjọ́ ń lọ.

Òfin kan wà tó ní láàárín oṣù 3 ni kí èèyàn pe òṣìṣẹ́ tàbí iléeṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́. Ẹjọ́ tó dáa púpọ̀ ló ti kú sí i lọ́wọ́. Lóòótọ́, ní 2019 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin ọ̀hún ò kan àdéhùn iṣẹ́. Síbẹ̀, bó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní jẹ́ kí oṣù 3 kọjá. Kí ni mo fẹ́ fi ọdún méjì jiyàn lé lórí? Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá òfin tó dá iléeṣẹ́ yín sílẹ̀ ní kí ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé ìkìlọ̀ sí wọn kí ẹ tó pe ẹjọ́, nítorí inú oṣù 3 kan náà ni ìyẹn ti máa jẹun.

Ní kóòtù

Kì í ṣe kóòtù Ìyágankú, kì í sì í ṣe ilé ẹjọ́ gíga ní Ring Road. Láti 2011, ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí àwọn lọ́yà ń pè ní Industrial Court, nìkan ló ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ó ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn. Ẹ wá lọ́yà tó ti ṣe ẹjọ́ níbẹ̀ rí. Èyí tó mọ ẹjọ́ ilẹ̀ bí ẹni mowó lè má mọ ti òṣìṣẹ́. Ẹni tí owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè lọ bèèrè ní ọ́fíìsì Legal Aid, tí ìjọba dá sílẹ̀ láti máa wá lọ́yà fún aláìní, bóyá ó bá ìlànà wọn mu.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni ẹ óò kó ohun gbogbo sílẹ̀: ìwé ìpẹ̀jọ́, àlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ wọn tí wọ́n ti búra sí, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé. Ìwé ọjọ́ yín ló máa di àlàyé yẹn. Ẹni tí kò gbọ́ òyìnbó dáadáa lè sọ tiẹ̀ ní Yorùbá kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Ẹ pe àjọ tó lé yín, kì í ṣe ọ̀gá tó ń bí yín nínú nìkan. Bí ìwé bá dé ọwọ́ wọn, ọjọ́ 14 ni wọ́n ní láti fèsì.

Lẹ́yìn náà, ẹ óò dúró. Adájọ́ lè ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó sọ̀rọ̀ ní ibi ìlàjà tí kóòtù ní. Ẹ má kẹ́gàn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá ń bi yín léèrè lórí ìdúró ẹlẹ́rìí, ohun tí wọ́n bá bi yín ni kí ẹ dáhùn. "Mi ò rántí" kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Bí ẹ bá borí, iṣẹ́ kan ṣì kù. Ẹ gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí, ẹ ṣe é ní méjì, ẹ mú un lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà ní ọ́fíìsì yín. Ẹ dúró síbẹ̀ títí akọ̀wé á fi lu òǹtẹ̀ sí èyí tí ẹ máa mú lọ sílé.