Bí A Ṣe Lè Fi Kẹ̀kẹ́ Ológeere Rìn Yíká Àgbádárìgì àti Etíkun Gberefu

Ẹni tó bá fẹ́ rí Àgbádárìgì dáadáa kò nílò ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ibi tí àlejò ń tìtorí rẹ̀ wá sí ìlú náà ló wà ní Marina, létí ọ̀sà, tàbí ní àdúgbò tí kò jìnnà sí i. Bí èèyàn bá ní òun á fẹsẹ̀ rìn ín, oòrùn ọ̀sán á mú un. Bó bá sì wa ọkọ̀, wàhálà ibi tí yóò gbé e sí kò ní jẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló yẹ ìlú náà jù lọ. Ohun kan ṣoṣo tó lè ba ìrìn náà jẹ́ ni iyanrìn, òun ni mo sì máa dúró lé lórí jù nísàlẹ̀.

Ẹ má ṣe gun kẹ̀kẹ́ láti Èkó wá. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ààlà Sẹ̀mẹ̀ ló ni òpópónà yẹn, wọn kì í sì í wo ojú ẹlẹ́kẹ̀ẹ́. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín sínú ọkọ̀, tàbí kí ẹ tú táyà iwájú rẹ̀ kí ẹ sì bá onímọ́tò Àgbádárìgì ní Mile 2 dúnàádúrà owó ẹrù. Kí ẹ ti fẹnu kò lórí iye náà kí ọkọ̀ tó gbéra o, nítorí pé owó ẹrù mọ bó ṣe ń ga sí i lójú ọ̀nà.

Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta ni ojú ọjọ́ dára jù fún irú ìrìn yìí. Bí òjò oṣù Kẹfà bá dé, omi máa ń dúró lójú títì, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kò sì ní mọ ibi tí ihò wà. Nínú oṣù tó bá wù kó jẹ́, ẹ tètè jáde láàárọ̀, nítorí pé lọ́sàn-án ni atẹ́gùn òkun máa ń le, tí yóò sì máa kọjú ìjà sí ẹni tó bá dorí kọ òkun.

Ní ti kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀, èyí tí táyà rẹ̀ fẹ̀ ni kí ẹ mú, nítorí pé táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń sáré ìdíje kò wúlò níbi tí a ń lọ. Ẹ yẹ bíréèkì méjèèjì wò, kí ẹ mú túùbù kan tí ẹ lè fi rọ́pò, pọ́ọ̀mpù, àgádágodo àti omi tó pọ̀. Akoto kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ dé e.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Àgbádárìgì, tó wà nínú ilé tí wọ́n kọ́ ní 1863, tí ó sì jẹ́ ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀ nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Láti ibẹ̀, ẹ wa kẹ̀kẹ́ yín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí àwọn míṣọ́nnárì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n sì parí ní 1845. Ọdún 1845 yìí kan náà ni Samuel Ajayi Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní láti dúró ju ọdún kan lọ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún wọn, nítorí pé Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ti kú. Ní tèmi, àhámọ́ ẹrú Seriki Williams Abass, oníṣòwò ẹrú, ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sáré kọjá. Yàrá 40 ló wà níbẹ̀ nígbà náà, àwọn afọ̀nàhàn a sì máa sọ pé ẹrú 40 ni wọ́n ń há mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ inú ọ̀kan lọ, ẹ na apá yín méjèèjì, ẹ óò sì lóye ohun tí iye yẹn túmọ̀ sí.

Bí ẹ bá yà sí Vlekete, níbi tí ọjà ẹrú wà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ sì fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́. Ojúbọ òrìṣà wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àgbà tí ẹ bá bá kí ẹ tó ya fọ́tò. Àwọn Ẹ̀gùn, tí wọ́n ni ìlú, kò ní ìṣòro pẹ̀lú àlejò tó bá mọ ìkíni.

Gberefu ló kù, erékùṣù tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun. Ní èbúté Marina, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi bóyá yóò gba kẹ̀kẹ́. Bó bá gbà, ẹ tẹ́ kẹ̀kẹ́ náà sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí pẹ́dà rẹ̀ má baà gún ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì wọ ẹ̀wù ìléfòó, nítorí pé dandan ni lójú omi Èkó. Bẹ́ ẹ bá ti gúnlẹ̀ ni iyanrìn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tó gba ìdí kànga tí wọ́n ní wọ́n fi ń fún àwọn ẹrú lómi mu kọjá, títí dé etíkun tí wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadàbọ̀, jẹ́ iyanrìn rírọ̀ níbi púpọ̀. Ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀, títí tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ tí yóò jìn wọlé díẹ̀. Táyà á tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì ní rì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ lo jíà tó fúyẹ́, ẹ jókòó sẹ́yìn díẹ̀, ẹ má ṣe yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ lójijì, kí ẹ má sì dúró láàárín. Níbi tí iwájú bá ti rì, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ tì í. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, gbogbo wa la máa ń tì í.

Létí òkun gan-an, nígbà tí omi bá ti fà sẹ́yìn, iyanrìn tútù máa ń le tó kẹ̀kẹ́ í gùn. Àmọ́ ẹ má ṣe sún mọ́ ìgbì jù, ẹ má sì wẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé omi etíkun yìí ń fa èèyàn. Ẹ padà sí èbúté kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì fẹ́ táyà padà kí ẹ tó gun títì.

Bí ẹ bá délé, má ṣe jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sùn pẹ̀lú iyọ̀ lára. Ẹ fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ṣàn án láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ rí i pé iyanrìn jáde nínú ṣéènì, kí ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi òróró ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ kan ṣéènì náà bí ẹ ṣe ń yí pẹ́dà sẹ́yìn, kí ẹ sì fi àkísà nu èyí tó bá pọ̀jù kúrò.